Káàdì Wákàtí Mẹ́rìnlélógún

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹ̀rọ ké "tíìn" lórí káàdì wa
ní ẹnu ọkọ̀ ojú omi tó ń yí Göteborg po.
Láti ìgbà náà ni wákàtí mẹ́rìnlélógún ti ń jò
bí omi inú agbè tó lu.
Èmi ni mo ṣe ìṣirò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìsanwó:
bí a bá wọ ibi mẹ́ta, owó wa padà;
bí a bá wọ márùn-ún, a ti jèrè;
bí a bá sì dé orí kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn yípo lókè ìlú
kí ilẹ̀ tó ṣú, àwa la rẹ́ wọn jẹ.

Àbúrò ìyá mi, Risten, kò bá mi ka nǹkan kan.
Odidi òru la fi wọ ọkọ̀ ojú irin láti àríwá,
níbi tí yìnyín kì í tètè dágbére fún ilẹ̀.
Ó di búrẹ́dì àti ẹran gbígbẹ sínú àpò,
ó ní oúnjẹ ìlú yìí, iye rẹ̀ nìkan á yó èèyàn.

Òjò ló lé wa wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo ayé.
Kò sí nínú ètò mi. Àmọ́ káàdì gbà á.
"Tíìn." Ilẹ̀kùn là.
Ọmọge ìdí tábìlì, Ebba lorúkọ tó lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀,
ní kí a fi ẹ̀wù òjò wa kọ́, kí a káàbọ̀ sínú ayé.
Ayé! Àjà mẹ́ta péré, pẹ̀lú ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Mo sáré.
Ìbòjú àwọn ará erékùṣù, ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Aṣọ híhun láti Peru, ìṣẹ́jú méjì.
Ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n fi awọ ẹran òkun rán,
mo ya fọ́tò rẹ̀, n kò wò ó.
Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, n kò rí Risten.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti bá a, ní kọ̀rọ̀ kan,
níwájú àpótí gíláàsì.
Ibùsùn ọmọ ló wà nínú rẹ̀: igi gbígbẹ́, awọ ló bò ó,
irú èyí tí ìyá ń gbé kọ́ èjìká lásìkò ìṣíkiri.
Fàdákà róbótó kan ń fì lórí rẹ̀,
kí àwọn ará abẹ́ ilẹ̀ má baà pààrọ̀ ọmọ.
Ìwé ara ògiri ní: "Àríwá. A kò mọ ẹni tó ṣe é."

"Wo kókó yẹn," ni Risten wí. "Ọwọ́ òsì ló ta á."
Ó na ọwọ́ òsì tirẹ̀,
ó ń ta kókó náà nínú afẹ́fẹ́,
lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé.

Tesfalem, ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀, ń bọ̀. Mo rò pé ó fẹ́ lé wa ni.
Àga ló gbé wá.
Ó ní ìkòkò kọfí kan wà lókè tó jọ ti ilé wọn ní Eritrea;
kí òun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun á kọ́kọ́ lọ kí i.

"Káàdì yìí," ni Risten bi í, "ṣé gbogbo ibi ló ń ṣí?"
"Gbogbo ibi tó wà nínú ìwé, màmá."
Ó dìde, ó gbé káàdì lé gíláàsì,
gẹ́lẹ́ níbi tí orí ọmọ ìbá wà.
Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró.
Kò ké.

A kò dé orí kẹ̀kẹ́ ńlá.
Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì káàdì kú sínú àpò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran gbígbẹ.
Nínú ọkọ̀ ojú irin, ó bi mí: "Èló la pàdánù?"
Mo ní ó tó igba kírónà, ó dín díẹ̀.
"Kọ ọ́ sílẹ̀," ló wí,
ó yọ bírò kúrò ní ọwọ́ ọ̀tún tí ilé ìwé fi kọ́ mi,
ó fi í sí òsì.